Apá Ibo Ni Kí N Dì Mú?

Ojú èmi àti ọkùnrin kan ṣe mẹ́rin lórí àtẹ̀gùn, ní òwúrọ̀ tí lífìtì ilé wa kọṣẹ́, tí gbogbo ará ilé sì ń rọ́ lọ síbi iṣẹ́ bí omi tó ya bèbè. Gbogbo wọn ń sọ̀ kalẹ̀, òun nìkan ló ń gòkè. Ó gbé àpò aláwọ ńlá kan kọ́ èjìká, ó sì fi ọwọ́ bò ó mọ́ àyà kí ó má baà máa gbá àwọn èèyàn. Bó ṣe gbójú sókè báyìí, ojú mi ló bá.

Mo ti ka ìwé ìfẹ́ tó pọ̀ tó láti mọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí atẹ́gùn fẹ́. Ó yẹ kí ìborùn mi já bọ́, kí òun sì bẹ̀rẹ̀ mú un fún mi. Ṣùgbọ́n òógùn ti bò mí lójú, bàtà mi kan ti bọ́, mo sì ń fi orúnkún ti àga kan kí ìyá mi tó jókòó sórí rẹ̀ má baà yí lulẹ̀.

Láti ìgbà òjò tó kọjá ni apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún Màmá ti rọ. Dókítà fẹ́ rí wọn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, lífìtì kò sì ṣiṣẹ́, ni mo bá gbé wọn jókòó sórí àga oníke, mo ní n ó máa wọ́ àga náà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí àtẹ̀gùn ti yípo láàárín ilé, agbára mi tán pátápátá. N kò lè lọ síwájú, n kò lè padà sẹ́yìn.

Àwọn aládùúgbò ń kọjá lára wa. Kò sí ẹni tí kò kí wa nínú wọn. "Ẹ kú ìdìde o. Ṣé kò sí?" Èmi náà á dáhùn pé, "Kò sí o, àlàáfíà ni." Wọ́n á ní a dúpẹ́, wọ́n á sì máa lọ. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ta ni yóò dúró ran ẹni tó ní àlàáfíà ni lọ́wọ́? Ẹnu ara mi ni mo fi ń lé olùrànlọ́wọ́ dànù, n kò sì mọ̀.

Ọkùnrin alápò yìí gòkè débi tí a wà. Ó gbé àpò rẹ̀ ti ògiri, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì wo àga náà bí ẹni tó ń wo ẹrù tó ti gbé rí. Kò bi mí bóyá kò sí. Ohun tó bi mí ni pé:

"Apá ibo ni kí n dì mú?"

Mo lanu láti sọ pé àlàáfíà ni. Àlàáfíà kì í ṣe ìdáhùn sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Tí mo bá rántí rẹ̀ títí di òní, ara mi a máa ṣe mí wìnnìwìnnì. Ńṣe ló dà bíi pé mo ti ń gbé inú yàrá kan tipẹ́, tí mo rò pé ògiri nìkan ló ní, tí ẹnì kan wá na ọwọ́ jẹ́jẹ́, tó ṣí fèrèsé.

Mo nàka sí ẹsẹ̀ àga níwájú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó dì í mú. Bí a ṣe fẹ́ gbé e, àga náà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Màmá sì fi ahọ́n wọn tó ti wúwo sọ pé, "Ẹ rọra o. Ẹyin lẹ gbé dání, kì í ṣe iṣu." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ti gbọ́, Màmá ẹlẹyin.

Ìgbà yẹn ni mo rántí ohun tí a máa ń ṣe níbi iṣẹ́. Mo ní, "Ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mí jáde, ká tó gbé e."

Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó mí jáde, fùùù, bí ẹni tó ń fẹ́ ata kúrò lẹ́nu. Èmi náà mí jáde. A gbé àga náà. Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́: ó fúyẹ́. Àga tó ti ń fa apá mi ya láti òkè, ó gbéra bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ fẹ́ lọ. A ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ẹsẹ̀ mi ń bọ́ sílẹ̀ pọ̀, Màmá sì jókòó láàárín wa, wọ́n ń dá àwọn tó ń kọjá lóhùn bí ọba obìnrin.

Nísàlẹ̀ ló tó sọ fún wa pé òun ni apínlẹ́tà tuntun àdúgbò wa. Ó ní àwọn èèyàn ń pe òun ní Ẹsẹ̀-kò-gbélé. Ó sáré padà lọ mú àpò rẹ̀, n kò sì rí i mọ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ bá mi lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó bá mi jókòó, ó bá mi darí wálé.

Ilé ìfọṣọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ ilé ìwòsàn àti ti ilé ìtura ni wọ́n máa ń kó wá fún wa, àwọn aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì ńlá tí ẹnì kan ṣoṣo kò lè ká. Ẹni méjì ló ń ká wọn. Ẹ ó di etí aṣọ mú ní ìhà méjèèjì, ẹ ó fà sẹ́yìn títí yóò fi nà gbọnrangandan, ẹ ó gbọ̀n ọ́n, lẹ́yìn náà ẹ ó rìn pàdé ara yín bí ẹni tó fẹ́ dì mọ́ ara wọn. Ẹnì kan á gba etí aṣọ lọ́wọ́ ẹnì kejì, ẹnì kejì á bẹ̀rẹ̀ mú ibi tó ṣẹ́ sí, ẹ ó tún fà sẹ́yìn. Ó jọ ijó. Kí n tó mọ̀ ọ́n, mo máa ń dúró wò ó bí ẹni ń wo ìran.

Ìyá Jẹ́jẹ́ ni ẹnì kejì mi. Wọ́n ti ń ká aṣọ níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Kì í ṣe pé ìwà wọn pé o. Orí àwọn tówẹ̀lì mímọ́ ni wọ́n máa ń sùn sí lákòókò ìsinmi, bí ẹnikẹ́ni bá sì jókòó sórí àga ẹ̀bá fèrèsé, ìjà dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n òfin kan wà lọ́wọ́ wọn: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fa aṣọ láìjẹ́ pé àwọn méjèèjì kọ́kọ́ mí jáde. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo fa aṣọ já gbà lọ́wọ́ wọn, ó kù díẹ̀ kí wọ́n fẹnu gbálẹ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, aṣọ là ń ká, a ò wọ́ ewúrẹ́ lọ sọ́dọ̀ alápatà."

Lóòótọ́, bí ẹni ń wọ́ ewúrẹ́ ni mo ṣe ń gbé ayé mi nígbà yẹn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ mo ti ń wẹ Màmá, mo ń fún wọn lóògùn, mo ń bẹ aládùúgbò tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwa pé kí ó máa yọjú sí wọn, mo ń sáré lọ síbi iṣẹ́, mo ń sáré bọ̀. Àyà mi ń lù kìkìkì bí ẹni pé àlejò kan ń kan ilẹ̀kùn nínú mi tí kò fẹ́ sọ orúkọ. Mo bu iyọ̀ sínú tíì. Mo gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ funfun dókítà kan, ojú áyọ́ọ̀nù náà sì yọ sẹ́yìn aṣọ ketekete bí àmì ẹsẹ̀ ẹyẹ ńlá. Ọ̀gá wa kò pariwo. Wọ́n kàn ní bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, àwọn á wá ẹlòmíràn. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí iṣẹ́ yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ mi, tàbí bí èmi fúnra mi bá ṣubú, kò sẹ́ni tí yóò gbé Màmá dìde lórí ibùsùn.

Mo ní ẹ̀gbọ́n o. Bọ̀dá mi ń kọ́lé nílùú òkèèrè, òun sì ni àkọ́bí Màmá. Gbogbo ọjọ́ Sunday ló máa ń pè lórí fóònù. Á ní, "Ṣé kò sí?" N ó ní, "Kò sí o, Bọ̀dá mi, àlàáfíà la wà." Á ní, "A dúpẹ́. Mo mọ̀ pé akíkanjú ni ẹ́." Fóònù á sì dákẹ́. N ó wá jókòó, n ó máa wo fóònù náà bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan gbé lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo gbé e fún olè. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ta ni àbúrò tí yóò sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, dìde, wá? Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi pé ìdáhùn kan ṣoṣo ni ìkíni ní.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ orí àtẹ̀gùn yẹn ni mo pinnu pé n ó kọ lẹ́tà sí i. Nínú lẹ́tà, kò ní lè bi mí bóyá kò sí. Mo jókòó, mo kọ ọ́. Mo kí i, mo kí ìyàwó rẹ̀, mo béèrè orúnkún tó ń dùn ún, mo béèrè àwọn ọmọ, mo sọ̀rọ̀ òjò. Nígbà tí mo fi máa dé orí Màmá, ìwé ti ń tán lọ, ọwọ́ mi sì ti mọ́ ọn lára, ló bá kọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé, "Àwa náà wà dáadáa." Mo lẹ̀ ẹ́, mo fi sínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi, mo ní bí mo bá rí Ẹsẹ̀-kò-gbélé, n ó fún un. Àpótí lẹ́tà ìsàlẹ̀ ilé wa ti bàjẹ́ tipẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ilé ń fi lẹ́tà lé.

Mo rí i. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí i. Bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀, òun á máa gòkè, ojú wa á sì pàdé níbi tí àtẹ̀gùn ti yípo. Á ní, "Apá wo ni kí n dì mú lónìí?" N ó rẹ́rìn-ín. Nígbà mìíràn n ó gbé àpò pàǹtí fún un pé kí ó bá mi gbé e sísàlẹ̀ nígbà tó bá ń padà. Nígbà mìíràn n ó ní kí ó bá mi kan ilẹ̀kùn Màmá kí wọ́n lè gbọ́ ohùn èèyàn. Kò gbà mí nímọ̀ràn rí. Kò sọ fún mi rí pé yóò dára. Á kàn dì í mú, á gbé e, á lọ. Àyà mi á máa lù nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń dún lọ sókè, ṣùgbọ́n lílù yẹn yàtọ̀ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti nífẹ̀ẹ́ rí mọ̀ ọ́n.

Síbẹ̀ n kò fún un ní lẹ́tà náà. Mo sọ fún ara mi pé ó di ọ̀la.

Òfin àkọ́kọ́ nílé ìfọṣọ ni pé kí a yẹ inú àpò wò kí aṣọ tó wọ inú ẹ̀rọ. Èmi ni wọ́n fi iṣẹ́ yẹn sí lọ́wọ́, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ti rí eyín àtọwọ́dá nínú àpò rí, mo ti rí òrùka, mo ti rí ẹyin sísè tó ṣì gbóná. Ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí orí mi wúwo, mo bọ́ aṣọ iṣẹ́ tèmi jù sáàárín àwọn aṣọ ilé ìwòsàn, mo ti ilẹ̀kùn ẹ̀rọ, mo lọ. Nígbà tí a ṣí i, ẹ̀rù bà mí. Bébà ti fọ́ wẹ́wẹ́ sára gbogbo aṣọ, bí ẹni pé adìẹ funfun kan bú gbàmù níbẹ̀.

Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé lẹ́tà Bọ̀dá mi ni. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ń sunkún. Gbogbo ohun tí n kò sọ láti ìgbà òjò ló ń bọ́ lójú mi.

Ìyá Jẹ́jẹ́ kò sọ fún mi pé kí n má sunkún mọ́. Wọ́n mú aṣọ kan nínú ẹ̀rọ, wọ́n na etí kan sí mi. "Di tìẹ mú." Mo dìde, mo dì í mú. A mí jáde. A fà á, a gbọ̀n ọ́n. Oòrùn ń wọlé láti fèrèsé òkè, ó la yàrá náà já nínú èéfín omi gbígbóná, bébà náà sì fò sókè wọ inú ìmọ́lẹ̀ yẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n ń yí, wọ́n ń tàn, wọn kò fẹ́ já bọ́. Àwa méjèèjì dúró, aṣọ ṣì wà lọ́wọ́ wa, a gbójú sókè. Àwọn obìnrin tó ń lọ aṣọ gbé áyọ́ọ̀nù wọn nà ró. Mo ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ fèrèsé yẹn tipẹ́, n kò mọ̀ pé ó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé bébà kí ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn bí a ṣe ń gbọn aṣọ lọ, láti orí ọwọ́ Màmá títí dórí Bọ̀dá mi.

Ìyá Jẹ́jẹ́ ní, "Ṣé o kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti rẹ̀ ọ́?"

"Rárá, mà."

"Kí lo wá kọ?"

"Mo kí i."

Wọ́n wò mí. Wọ́n fi ọwọ́ di tábìlì mú, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. "Ẹ̀rọ yẹn gbọ́n jù ọ́ lọ," ni ohun tí wọ́n sọ nígbà tí wọ́n lè sọ̀rọ̀.

Mo dé ilé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Màmá sì bi mí pé kí ni bébà ń ṣe nínú irun mi. Mo ti fẹ́ sọ pé kò sí nǹkan. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lẹ́bàá fèrèsé, mo sì sọ òtítọ́. Mo sọ fún wọn pé ó ti rẹ̀ mí, pé àyà mi ń já, pé ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ ṣubú. Wọ́n yí ojú sí ibùsùn. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ wọ́n.

Aṣọ tí mo sá lánàá wà lórí ibùsùn, n kò tíì ká a. Màmá na ọwọ́ òsì wọn síta.

"Fún mi ní etí kan."

Mo fún wọn ní etí aṣọ ìbora, kì í ṣe pé mo rò pé wọ́n lè dì í mú. Mo mú etí kejì, mo rọra ń fà sẹ́yìn, mo ń dúró kí ó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Kò bọ́. Mo fà á títí ó fi nà gbọnrangandan láàárín èmi àti ìyá mi, mo sì rí i pé ọwọ́ tó wà lọ́hùn-ún ń fà mí padà. Ooru kan gba ara mi kọjá. Láti ọjọ́ yìí wá ni mo ti ń ka ìyá mi sí ẹrù tí mo rù, àṣé ẹnì kejì mi ló jókòó síbẹ̀, tó ń dúró kí n fún òun ní etí aṣọ.

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mí jáde."

Wọ́n ní, "Ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mí?"

A ká a. Ó wọ́ bí ẹnu ẹni tí eyín ń dùn. A rẹ́rìn-ín rẹ̀, a tún ká òmíràn. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ wa: aṣọ kan, fèrèsé, oòrùn tó ń wọ̀ lórí àwọn òrùlé, àti ọ̀rọ̀ òtítọ́ kan tí oníkálukú á sọ kí a tó dìde. Àlejò àyà mi kò lọ tán, ṣùgbọ́n bó bá kanlẹ̀kùn, mo lè sọ fún un pé kí ó jókòó ná.

Lẹ́yìn tí a ká aṣọ tán lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn ni Màmá sọ pé kí n mú bébà wá. Mo ní mo ń bẹ̀rù ohun tí Bọ̀dá mi yóò rò.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ni," ni Màmá wí, "ṣùgbọ́n ọmọ mi ni. Kọ ọ́."

Wọ́n fi ọwọ́ òsì tẹ bébà náà mọ́lẹ̀ fún mi kí ó má baà yẹ̀. Mo kọ ọ́ pé: Bọ̀dá mi, Màmá kò lágbára tó bí mo ṣe ń sọ fún yín. Ó ti rẹ èmi náà. Etí aṣọ kan wà níbí tó jẹ́ tiyín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá dì í mú. Ó tán. Kò kún ojú bébà kan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, lífìtì ti ń ṣiṣẹ́ padà. Àtẹ̀gùn ni mo gbà. Nígbà tí mo dé ibi tó ti yípo, Ẹsẹ̀-kò-gbélé ń gòkè bọ̀ pẹ̀lú àpò rẹ̀. Mo bi í pé ṣé kò mọ̀ pé wọ́n ti tún lífìtì ṣe ni. Ó ní òun mọ̀.

Mo na lẹ́tà náà sí i. Ó di etí kan rẹ̀ mú, ó ka orúkọ tó wà lójú àpòòwé. Orúkọ ọkùnrin ni. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe ṣú díẹ̀, mo sì jẹ́ kó jìyà rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, nítorí ọmọ tó ka ìwé ìfẹ́ ni mí. Lẹ́yìn náà mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọmọ ìyá mi." Ojú rẹ̀ là bí ẹni tí wọ́n tanná sí.

Ṣùgbọ́n ìka mi kò tú lára lẹ́tà náà. Ó di etí kan mú, èmi di etí kejì mú, bébà náà sì nà láàárín wa. Aládùúgbò kan ń kọjá lọ síbi iṣẹ́, ó kí wa, ó ní, "Ṣé kò sí o?"

Mo ní, "Ó wà díẹ̀, mà."

Mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí àtẹ̀gùn. Kò lọ.

Ẹsẹ̀-kò-gbélé kò fa lẹ́tà náà. Ó wò mí lójú, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀.

"Kọ́kọ́ mí jáde," ló wí.

Mo mí jáde, ó sì gbà á.